Ohùn Àwọn Tó Ti Oko Ẹrú Bọ̀: Àgbéyẹ̀wò Àkójọ Méjì ní Library of Congress

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1949, ní ìlú Baltimore, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Fountain Hughes jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó sì ń ròyìn fún Hermond Norwood bí ayé ṣe rí nígbà tí òun jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn. Ó ní òun ti di ẹni ọdún 101, pé ìlú Charlottesville ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti bí òun, àti pé Thomas Jefferson, ẹni tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ló ni bàbá àgbà òun. Ó sọ pé ẹrú kò gbọdọ̀ ré títì kọjá láìmú ìwé àṣẹ olówó rẹ̀ dání, ó sì sọ pé orí ilẹ̀ ni àwọn ń sùn nítorí pé àwọn kò ní ibùsùn. Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ tí mo dá ẹ̀rọ dúró lé lórí, tí mo sì tún padà gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní bí òun bá rò pé òun tún lè di ẹrú láyé, ìbọn ni òun yóò gbé láti fi parí ayé òun lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ẹrú fi sàn ju ajá lọ.

Ohùn yìí wà níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì ti lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àkójọ méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, tí ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Library of Congress gbé sí ìkànnì rẹ̀, loc.gov. Èkíní, Born in Slavery, jẹ́ àkọsílẹ̀: ó lé ní 2,300 ìtàn tí àwọn tó gbé oko ẹrú rí fi ẹnu ara wọn sọ láàárín ọdún 1936 sí 1938, fọ́tò 500 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì, Voices Remembering Slavery, jẹ́ ohùn: ènìyàn tó lé ní 20 ló wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀ láti ọdún 1932 títí dé 1975, gbogbo rẹ̀ sì súnmọ́ wákàtí méje. Kò sí owó tí a ń san, a kì í sì í kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kí a tó wọlé. Ìdájọ́ mi kò ní pẹ́ kí n tó sọ ọ́: èyí tó kéré nínú méjèèjì ló níye lórí jù, èyí tó pọ̀ sì níye lórí gidigidi fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń kà á. Bí a ṣe ń kà á yìí ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, nítorí pé mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n mú ojú ìwé kan péré nínú rẹ̀ láti fi sọ pé oko ẹrú kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Àtúnṣe Kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú ní oṣù Kejìlá ọdún 1865, ìwé àkáǹtì àwọn olóko, lẹ́tà wọn àti ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń tú wò bí wọ́n bá fẹ́ kọ nípa ẹrú. Ẹni tó na ènìyàn ni wọ́n ń pè wá jẹ́rìí, ẹni tí wọ́n nà kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ni kò gbà kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1929, John B. Cade, tó jẹ́ olùkọ́ ní Southern University ní Louisiana, rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde láti lọ bá àwọn àgbà tó ti ṣe ẹrú rí sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Lásìkò kan náà ni Ophelia Settle láti Fisk University ní Nashville ń bá irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ jókòó ní Tennessee àti Kentucky. Nígbà tó di ọdún 1934, Lawrence Reddick dábàá fún ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó kàwé tí kò ríṣẹ́ sí irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì dán an wò níwọ̀nba ní Indiana àti Kentucky.

Lẹ́yìn náà ni Federal Writers' Project tó dé. Ọdún 1935 ni ìjọba dá a sílẹ̀, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, láti fi wá iṣẹ́ fún àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tó mọ̀wé tí ebi ń pa. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kí oríkò wọn ní Washington tó gba iṣẹ́ náà kanrí ní ọdún 1937, tí John Lomax, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn wọn lórí ìtàn àti àṣà ìbílẹ̀, sì kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ní ọdún 1941, wọ́n kó àwọn ìwé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ jọ sí ìdìpọ̀ 17 lábẹ́ àbójútó Benjamin Botkin, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdìpọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì gbé e pamọ́ sí Library of Congress. Ọ̀rọ̀ Cade, Settle àti Reddick kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọdún 1936 yóò rò pé ìjọba ló kọ́kọ́ ronú kan àwọn àgbà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ni àwọn mìíràn ti là sílẹ̀ kí ìjọba tó tọ̀ ọ́.

Ohùn ni kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwo ni wọ́n fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ohùn wọ̀nyí sílẹ̀, ẹ̀rọ ìgbà náà kò sì rọrùn láti gbé káàkiri. Ariwo wà nínú wọn; àwo ń ha, ohùn ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí gbólóhùn kan ń pòórá kí ó tó parí. Ẹ̀dà alákọsílẹ̀ wà pẹ̀lú ohùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ṣe ìrànlọ́wọ́ ńlá, ní pàtàkì fún àwa tí a kò dàgbà pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará oko gúúsù Amẹ́ríkà. Mo gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀kan láìwo àkọsílẹ̀, kí ó gba ohun tó bá yé e àti ohun tí kò yé e, kí ó tó ṣí àkọsílẹ̀ láti tún un gbọ́. Bí a bá fi kíkà ṣáájú, ojú ni a ó fi máa gbọ́, etí yóò sì di onílé tí wọn kò bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí ohùn fún mi tí ìwé kò lè fún mi ni ìdánudúró. Nígbà tí Hughes ń sọ bí wọ́n ṣe tú àwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bí ẹni tú agbo màlúù sílẹ̀ sínú pápá, láìsí ilé, láìsí ohunkóhun lọ́wọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń rí i, ó tún ń padà sẹ́yìn láti ṣàlàyé ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ kò lè mọ̀. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí bàbá àwọn ti kú nínú ogun, ìyá àwọn fi àwọn ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, dọ́là kan lóṣù, ìyá náà ló sì ń lọ gba owó. Ó gba Norwood níyànjú pé kí ó má máa ra ọjà àwìn, nítorí pé òun fúnra òun, bí òun bá fẹ́ nǹkan, òun a dúró títí owó yóò fi pé. Ibi tí mo ti mọ̀ pé ènìyàn gidi ni mò ń gbọ́ nìyẹn. Bàbá tó sọ pé òun yóò fi ìbọn parí ayé òun kí òun tó padà sí oko ẹrú náà ló ń kìlọ̀ àwìn fún ọmọdé, bí àgbà yòówù ṣe máa ń ṣe. Ìwé tó ń ka iye ẹrú àti iye owó tí wọ́n fi rà wọ́n kò lè fi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ hàn wá.

Ìyá kan tún wà, Laura Smalley, tí John Henry Faulk gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Hempstead ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọdún 1941. Ó ní olówó àwọn kò sọ fún àwọn pé àwọn ti di òmìnira, pé wọ́n lo àwọn fún oṣù mẹ́fà sí i kí wọ́n tó tú àwọn sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gágun Gordon Granger gbé àṣẹ òmìnira jáde ní Galveston ní ọdún 1865, èyí tí gbogbo Amẹ́ríkà wá sọ di ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2021. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé yóò mọ ọjọ́ àti orúkọ ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n Smalley sọ pé ìyá òun àti àwọn yòókù kò mọ ibi tí wọn yóò forí lé nígbà tí òmìnira dé, pé ṣe ni wọ́n kàn tú wọn síta bí ẹni tú nǹkan síta. Gbólóhùn kan náà ló ti ẹnu Hughes jáde ní Baltimore, láàárín àwọn méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì jìn púpọ̀. Irú ìbámu bẹ́ẹ̀ ni òpìtàn máa ń fi ọdún mẹ́wàá wá. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ méjì gbọ́ àkójọ yìí yóò bá a pàdé fúnra rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ. Ẹ gbọ́ Wallace Quarterman, tí Alan Lomax, ọmọ John Lomax, Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti Mary Elizabeth Barnicle gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Frederica ní Georgia ní oṣù Kẹfà ọdún 1935. Etíkun ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn ọmọ ìran ẹrú tí wọ́n ń pè ní Gullah àti Geechee, tí èdè wọn ṣì ń gbé ìró Áfíríkà kiri. Ẹ gbọ́ Alice Gaston àti Isom Moseley láti Gee's Bend ní Alabama. Àwọn kan kọrin tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà tí wọ́n wà nínú oko ẹrú. N kò gbìyànjú láti ròyìn orin náà níbí, nítorí pé orin tí a ròyìn kì í ṣe orin mọ́.

Nísinsìnyí, àkọsílẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí òǹkàwé rọra ṣe.

Ìwé ìbéèrè tí John Lomax fi ránṣẹ́ ní ọdún 1937 gbòòrò. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ béèrè ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí, oúnjẹ, aṣọ, ilé, irú iṣẹ́ tó ṣe, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹrú, ìgbéyàwó, ìsìnkú, orin, egbòogi, ìwin, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí òmìnira dé. Wọ́n ní kí wọ́n béèrè èrò rẹ̀ nípa Ààrẹ Abraham Lincoln, Jefferson Davis tó ṣe olórí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nígbà ogun náà, àti Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú. Ìbéèrè dáadáa ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí a lè gbé ìdáhùn ará Texas lé ti ará Georgia. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè? Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, yàtọ̀ sí àwọn ibi bíi Virginia, Florida àti Louisiana, níbi tí ẹ̀ka àwọn aláwọ̀ dúdú wà. Ọmọ ìlú kan náà ni àwọn kan nínú wọn pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn olóko ni àwọn mìíràn. Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1937 sì nìyí, níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, tí àgbà aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ ta ko ọmọdé aláwọ̀ funfun lójú, tí ọ̀rọ̀ kan péré sì lè fa ikú.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn láti fi hàn ènìyàn ni ti Susan Hamlin ní Charleston, ní South Carolina. Jessie Butler, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, lọ sọ́dọ̀ ìyá yìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ìyá náà rò pé ọ́fíìsì tó ń ran tálákà lọ́wọ́ ló rán òun wá. Kò sí ẹni tí yóò bú olóore tó fẹ́ fún un lóúnjẹ. Nínú ìtàn tí Butler gbà, ọmọlúàbí ni olówó rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹrú rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Augustus Ladson, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, lọ bá ìyá kan náà, tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Susan Hamilton. Ohun tó sọ fún Ladson yàtọ̀ bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Ó ní tọ̀sán-tòru ni ènìyàn ń gbọ́ igbe àwọn tí wọ́n mú bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn tà láìfọhùn tẹ́lẹ̀. Ó sọ ti ìyá tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí, tí wọ́n sì yà wọ́n nípá títí ayé. Ó sọ ti tọkọtaya kan tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lálẹ́, tí ọ̀gá sì ta ìyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ìbànújẹ́ ọkàn ló ń pa àwọn ènìyàn nígbà náà, kì í ṣe àìsàn kan.

Ìwé méjèèjì wà nínú àkójọ kan náà, ní ìdìpọ̀ South Carolina. Ìlú kan, ìyá kan, ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ pé ti Butler nìkan ni wọ́n tọ́jú, a ó ti gbà pé a ti gbọ́ ẹnu Susan Hamlin. Èyí ni ìdí tí mo fi ń sọ pé orúkọ ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ wá lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó tó wo orúkọ ẹni tó dáhùn. Ó sábà máa ń wà lókè. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ṣùgbọ́n àgbà tó ń bẹ̀rù kò ní ya obì náà fún ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Inú mi dùn pé Library of Congress kò yọ ọ̀kan kúrò nínú ìwé méjèèjì láti mú kí ọ̀rọ̀ bára mu. Bí wọ́n ṣe fi àbùkù àkójọ náà hàn gbangba nínú àlàyé tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Ebi náà tún wà níbẹ̀, àwọn òǹkàwé púpọ̀ ni kì í sì í kà á sí. Ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó ti kọjá ẹni 80 ọdún. Ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ nígbà tí oko ẹrú parí, ìgbà tí ọmọdé kò tíì máa lọ sí oko òwú pẹ̀lú àwọn àgbà, tí kò sì tíì mọ gbogbo ohun tí ojú ìyá rẹ̀ ń rí. Lẹ́yìn náà ni ọdún tí owó kò sí ní gbogbo ayé, tí arúgbó tí kò ní ọmọ kò rí ẹ̀kọ mu. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé oúnjẹ pọ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré, ebi ọdún 1937 ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe oore olówó rẹ̀. Mo ti kà nínú àwọn ìwé yìí ibi tí arúgbó ti ń yin oúnjẹ ìgbà ẹrú ní ìpínrọ̀ kan, tí ó sì ń sọ nípa ẹgba ní ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, láìsí pé ohùn rẹ̀ yí padà. Òótọ́ ni méjèèjì lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìpínrọ̀ kìíní nìkan láti fi gbèjà oko ẹrú ti hùwà àìtọ́ sí arúgbó náà.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá ni bí wọ́n ṣe kọ ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ gbìyànjú láti fi lẹ́tà ya ìró ẹnu wọn, wọ́n sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ títí tí ojú ìwé fi di ẹ̀gún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ funfun náà ń pè bákan náà ni wọ́n kọ lọ́nà wíwọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹnu aláwọ̀ dúdú ló ti jáde. Sterling Brown, akéwì àti ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ olóòtú fún ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ náà, kọ ìkìlọ̀ sí wọn ní ọdún 1937 pé kí wọ́n di ìlò ọ̀rọ̀ àti àkànlò èdè àwọn àgbà mú ṣinṣin, kí wọ́n má sì fi ìró gún ojú òǹkàwé. Ó tilẹ̀ to àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ kọ wíwọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn kan gbọ́, àwọn mìíràn kò gbọ́, ọ̀pọ̀ ìwé sì ti wà nílẹ̀ kí ìkìlọ̀ náà tó dé. Èmi tí mo ń sọ èdè tí àmì ohùn kan ṣoṣo lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹnu ẹni bá gbé kálàmù láti kọ ọ́. Bí ó bá nira láti ka ojú ìwé kan, ẹ kà á síta. Ọ̀rọ̀ tí ojú kò mọ̀, etí máa ń mọ̀ ọ́n.

Àkójọ náà kò sì pé. Louisiana kò sí nínú ìpínlẹ̀ 17 náà rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Cade ti bẹ̀rẹ̀. Virginia, níbi tí Roscoe Lewis ti darí ẹ̀ka àwọn aláwọ̀ dúdú láti Hampton Institute, ní ìwé tó kéré gan-an níbí, nígbà tí ti Arkansas gba apá méje. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Washington. George Rawick ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé náà jáde ní ọdún 1972, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì wá lọ tú àwọn àpótí ìpínlẹ̀ wò, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ kún un ní ọdún 1977 àti 1979. Mississippi àti Texas, tó dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn ti tán, ṣì ní ohun púpọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé gidi lórí ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dúró sórí loc.gov nìkan.

Ọmọ Yorùbá tó bá wọlé síbẹ̀ láti wá ẹni tirẹ̀, bí mo ṣe ṣe, yóò rí i pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Áfíríkà wà lẹ́nu wọn gẹ́gẹ́ bí ìlú bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà. Ẹni tí mo ń wá ni Oluale Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Banté ní ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lónìí. Ọkọ̀ Clotilda gbé e dé Mobile ní Alabama ní ọdún 1860 pẹ̀lú nǹkan bí 110 ènìyàn, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá tẹ Africatown dó. Hurston bá a sọ̀rọ̀ ní ọdún 1927 àti 1928, ó sì kú ní ọdún 1935, ọdún tí ìjọba dá Federal Writers' Project sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kò bá a láyé mọ́. Bí Hurston kò bá ti lọ jókòó ti bàbá náà kí ìjọba tó dé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìbá kù fún wa láti ẹnu ẹni tó rántí ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kó o, àti orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Àwárí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ nínú omi, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2019, kò tó ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lójú tèmi.

Fún olùkọ́ tó bá fẹ́ lò ó: ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí wà nínú àwọn ìwé yìí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà, ìtàn ẹgba àti ti ìfipábánilòpọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí àgbà kọ́kọ́ kà á kí ó tó fún ọmọdé. Àwọn fọ́tò ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀dọ́, nítorí pé ojú àgbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ń wo ẹ̀rọ ayàwòrán tààrà, ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó sọ. A lè wá ìtàn pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tàbí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú ìtàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ wíwọ́, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ gbìyànjú oríṣi ìkọsílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, kí ó gbọ́ Hughes tán láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ohun tí Susan Hamlin sọ fún Butler, kí ó sì ka ohun tí ìyá kan náà sọ fún Ladson, ní bí mo ṣe tò wọ́n yìí, láìsí ìsinmi láàárín wọn. Kí ó fi Laura Smalley parí rẹ̀, kí ó sì dúró de ibi tí ìyá náà ti sọ pé àwọn kò mọ ibi tí àwọn yóò lọ.